Ìdí-Ẹmi

Ẹ má bi mí léèrè ọdún.
Bàbá Yákúbà kì í ka ọdún, ẹṣin ló fi ń kà á:
ọdún tí Akáwálì dé láti òkè Ọya,
ọdún tí inú run Dáńdà, tó kú sétí odò Àsà.

Nígbà náà, pápá yìí ò lórúkọ.
Ilẹ̀ gbalasa ni, igi ẹmi kan ṣoṣo,
òkìtì ọ̀gán pupa ní ìpẹ̀kun,
Òkè Sóbì ń wò ó lókèèrè bí àgbà tí wọn ò pè sí ìpàdé.
Àwọn ajagun ló kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.
Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ ẹṣin bí a ṣe ń sá sójú ogun
kí wọ́n tó kọ́ ọ bí a ṣe ń sá fún eré.
Pátákò kan náà ni. Ilẹ̀ ò mọ̀yàtọ̀.

Wọ́n ní ìlú wa ò léégún, ẹṣin leégún wa.
Òótọ́ ni. Ta ló wá ń gbálẹ̀ lẹ́yìn eégún náà?
Baba-ńlá mi ni.
Òun ló ń pa koríko ní ìdájí kí ìrì tó gbẹ,
tó ń fọ ìjánu, tó ń kó ìgbẹ́,
tó ń sùn sí ibùjẹ lálẹ́ ọjọ́ eré
kí ẹnikẹ́ni má baà bu nǹkan sí ọkà bàbà.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé Iléyá,
ibà dá ẹni tí ì bá gun Akáwálì dùbúlẹ̀.
Olówó ẹṣin wo ọ̀tún, ó wo òsì.
"Yákúbà, bọ́ sókè."
Láti ìdí ẹmi dé ọ̀gán, kí wọ́n yí i ká, kí wọ́n padà:
ẹṣin méje ló lọ, eruku kan ṣoṣo ló padà,
inú eruku náà ni ọmọ apakoríko ti yọ,
kò sí fìlà lórí, gbogbo eyín rẹ̀ wà níta.

Láwàní tí wọ́n fi ṣẹ̀bùn, olówó ẹṣin ló wé e.
Orúkọ ẹṣin wọnú ìwé. Orúkọ olówó wọnú ìwé.
Yákúbà fa ìjánu, ó fẹsẹ̀ rìn padà sílé,
ó lọ pa koríko.
Wọ́n ní ẹni tó gẹṣin kò ní ṣàì sọ̀kalẹ̀.
Wọn ò sọ bó ṣe ń tètè yá tó.

Rélùwéè dé, ẹṣin dín.
Tísà Òjùolápé láti Òmù-Àrán kó ọmọ iléèwé wá síbẹ̀.
Ó fi ẹfun fa ilẹ̀, ó gbé igi kan dání bí ọmọ odó,
ó ní kí ọmọ kan ju bọ́ọ̀lù, kí èkejì gbá a,
kó sáré yí òpó mẹ́rin ká kí wọ́n tó mú un.
Sàlámátù ìyá mi wà lára wọn, ẹlẹ́sẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́.
Bàbá Yákúbà jókòó nídìí ẹmi, ojú ti ń ṣe bàìbàì.
Ó gbọ́ gìrì ẹsẹ̀.
"Àwọ̀ wo lèyí tó ṣíwájú?"
Wọ́n ní, "Bàbá, ọmọ ọmọ yín ni."
"Ẹ má tíì fún un lómi," ó wí, "àfi tí òógùn bá gbẹ."

Ìyá mi gbá bọ́ọ̀lù kan tí kò padà sílẹ̀.
Wọ́n wá a títí wọ́n fi pe ìrun Màgàríbà.
Tísà ní kó san tọ́rọ́.
Kò san án títí ó fi kú.

Oṣù tó kọjá, àwọn awọnlẹ̀ dé pẹ̀lú okùn àti òpó sìmẹ́ńtì.
Wọ́n fi ayùn gé ẹmi lulẹ̀.
Lókè, níbi tí ẹ̀ka méjì ti pàdé,
bọ́ọ̀lù kan wà níbẹ̀, ó le bí èkùrọ́,
èèpo igi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ojú rẹ̀ dé.
Mo wá ohun tó jọ ti ẹṣin. Kò sí.

Wọ́n bi mí bóyá ẹbí wa ní ìwé ilẹ̀.
Mo ní rárá, orúkọ wa ò sí nínú ìwé kankan.
Mo di bọ́ọ̀lù náà mọ́ etí aṣọ,
mo sáré láti kùkùté dé ibi tí ọ̀gán wà rí,
mo yí i ká, mo padà. Àgbàlagbà bíi tèmi.
Awọnlẹ̀ kan na omi inú ọ̀rá sí mi.
Mo ní kó mú sùúrù díẹ̀.